Eré sísá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú: ìbéèrè yín àti ìdáhùn mi

Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Sábó. Ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọn ìfúnpá mi, tó mi orí, tó tún un wọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí ọmọ mi ti pa tì, mo sáré láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí òpó iná kẹta, mo sì jókòó sórí pèpéle onílé-onílé. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn. Láti ìgbà náà, ojúgun ti dùn mí, gìgísẹ̀ ti dùn mí, mo sì ti fi ẹsẹ̀ rọ́ nínú kòtò. Àwọn oníbàárà tó ń rí mi lójú títì láàárọ̀ ló ń bi mí ní ìbéèrè bí mo ṣe ń wọn aṣọ fún wọn. Mo kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. N kì í ṣe dókítà. Ibi tó bá ti kan dókítà, màá sọ.

Mi ò sáré rí láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti orí ìrìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì rìn kánmọ́kánmọ́, ìṣẹ́jú 30, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Bí ìyẹn kò bá mú ibì kankan dùn yín, ẹ wá sáré ìṣẹ́jú kan, kí ẹ rìn fún méjì, kí ẹ tún sáré ìṣẹ́jú kan, títí á fi pé ìgbà mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín ọjọ́ méjì. Ètò kan tó gbajúmọ̀ fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ni Couch to 5K (láti orí àga dé kìlómítà márùn-ún), tí Josh Clark, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1996. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ìrìn àti eré ni wọ́n pò mọ́ra wọn, tí ìrìn ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn á fi lè sáré ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ọ̀sẹ̀ 16 ló gbà mí ní tèmi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe, bí ọmọ iléèwé tó rìpíìtì.

Ní ti bí ẹ ṣe máa yára tó, ẹ máa ki oríkì yín. Bí ẹ bá lè ki í já geere bí ẹ ṣe ń sáré, ibẹ̀ ló dáa. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì-méjì ló ń já jáde lẹ́nu yín, ẹ ti ń sá jù, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ìyá àgbà kan tó ń gbé agbada àkàrà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mi lójú ọ̀nà, ó sì kí mi pé mo kú ìsinmi. Mo dáhùn.

Èémí mi ti dáa gan-an lẹ́yìn oṣù kan. Kí ló dé tí ẹ ní kí n má tíì fi kún un?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí n ti rẹ́ni bi nígbà tèmi. Èémí àti egungun kì í kọ́ṣẹ́ yege lọ́jọ́ kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ọkàn á ti máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i jáde ní ìlù kan ṣoṣo, ẹ̀yin náà á sì rí i pé ẹ kò mí gúlegúle mọ́. Inú èèyàn á dùn, á ní òun ti di eléré. Àmọ́ egungun ojúgun ṣì wà níbi tí bíríkìlà máa ń wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ tún ògiri rẹ́: èyí tó ti gbó ló ń há kúrò lọ́wọ́. Tí ẹ bá gbé ẹrù tuntun lé egungun, ara á kọ́kọ́ jẹ díẹ̀ kúrò nínú èyí àtijọ́, lẹ́yìn náà ni á wá fi tuntun tó le dí i. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni iṣẹ́ yẹn máa ń gbà lójú kan. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàárín rẹ̀, ojú ibẹ̀ kò lágbára tó bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn gẹ́lẹ́ ni èémí máa ń tàn wá pé ká fi kún un. Iṣan líle tó so ẹran mọ́ egungun náà kì í yára, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún tèmi, mo sáré láti Ìta Ẹlẹ́wà dé ọ̀nà Ẹbúté láìdúró, mo sì fọ́nnu fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó yí mi ká. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, n kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láìdi ejìká ọlọ́kadà mú.

Àwọn kan á ní kí ẹ má fi ju ìdá 10 nínú 100 kún un lọ́sẹ̀. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe oògùn. Àwọn oníwàádìí ní Groningen, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, dán an wò lára àwọn olùbẹ̀rẹ̀ 532, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Wọ́n ní kí apá kan máa fi ìdá 10 yẹn gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 13, kí apá kejì lo ètò ọ̀sẹ̀ 8 tó yára. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló fara pa níhà méjèèjì. Ohun tí èmi ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń dúró lórí ìwọ̀n kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gòkè, mo sì máa ń dín in kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, bó ti wù kí ara mi yá gágá tó.

Ojúgun ń dùn mí láti apá inú. Ṣé ó ti fọ́ ni?

Ẹ fi ìka kan tẹ egungun náà láti òkè lọ sísàlẹ̀. Bó bá ń dùn lọ gbọọrọ, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń dùn nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì ń rọ̀ bí ara ṣe ń móoru, egungun náà àti awọ tó bò ó ló ń bínú. Èyí wọ́pọ̀ lára àwa tuntun. Ẹ dá eré dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ máa rìn, ẹ máa gun kẹ̀kẹ́ bí ẹ bá rí i, nígbà tó bá sì ti rọ̀, ẹ padà sí ìdajì ibi tí ẹ dé.

Bó bá jẹ́ ojú kan péré ló ń dùn, tí ìka kan lè bò ó mọ́lẹ̀, tó ń dùn lóru lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ kò sì lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò sókè, egungun lè ti sán. Kò sí àdúrà tàbí ìgboyà tí a fi ń sáré kọjá ìyẹn. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sì mọ̀ pé X-ray lè má rí ibi tó sán ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ní kò sí nǹkan kan, tí ìrora ò sì lọ, ẹ padà lọ bá wọn.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìrora tó yẹ kí n bẹ̀rù?

Bí itan méjèèjì bá ń ro yín ní ọjọ́ kejì, tó fi jẹ́ pé ògiri lẹ ń dì mú kí ẹ tó lè lóṣòó, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹran ara ló ń kọ́ṣẹ́, á lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó bá wà ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà ní ojú kan, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń sáré, òun ni kí ẹ fura sí.

Àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun, máa ń ní kí èèyàn fún ìrora ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá. Bí kò bá ju mẹ́ta lọ, tí kò yí ìrìn yín padà, tó sì ti lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹ lè máa sáré díẹ̀díẹ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá ti ń tiro, ẹ ti parí fún ọjọ́ yẹn, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Mo máa ń fi owó ọkọ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ṣé mo lè lo oògùn ìrora kí n tó jáde, kí n lè sá a tán?

Rárá o. Ìrora ni ajá tó ń ṣọ́lé. Ẹ kì í fún un ní oògùn oorun kí ẹ tó sùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibuprofen àti diclofenac máa ń dá egbò sí inú ikùn, bí omi bá sì ti gbẹ lára yín nínú ooru Ìkòròdú, wọ́n lè pa kíndìnrín lára. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn wọ́n. Tramadol ni kí ẹ má tilẹ̀ dá lábàá.

Robb, Aboniki àti àwọn ẹbí wọn máa ń mú awọ ara gbóná, wọ́n sì máa ń tu èèyàn lára. Mo ń fi pa ara mi. Àmọ́ wọn kì í dé ibi tí iṣan ti bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ra ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú bí ẹni tó ń po àmàlà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Ciprofloxacin, èyí tí a máa ń rà ní kẹ́míìsì nígbàkúùgbà tí inú bá ti ń run wá, lè sọ iṣan gìgísẹ̀ di ẹlẹgẹ́ débi tó fi lè já. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára rẹ̀ ní 2008. Bí dókítà bá fún yín, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má sáré nígbà tí ẹ ń lò ó, ẹ sì sọ fún un pé eléré ni yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún ara yín, ẹ̀yin náà ni kí ẹ gbà á padà.

Yìnyín ni, àbí omi gbígbóná?

Ní 1978, dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Gabe Mirkin kọ ọ́ pé kí ẹni tó fara pa sinmi, kó fi yìnyín sí i, kó dì í, kó gbé e sókè. Gbogbo ayé gbà á. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, òun kan náà tún kọ ọ́ pé yìnyín lè dá ìwòsàn dúró, torí wíwú yẹn wà lára ọ̀nà tí ara ń gbà tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà, ẹ lo yìnyín bí ìrora bá pọ̀: píọ́ wọ́tà tó ti dì, tí ẹ fi tówẹ̀ẹ̀lì wé, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan. Bí iná ò bá sí láti mú un dì, ẹ ò pàdánù púpọ̀. Omi gbígbóná kò dáa fún ibi tó ń wú lọ́wọ́. Ó wúlò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó bá kù kí ẹsẹ̀ na dáadáa.

Mo fi ẹsẹ̀ rọ́ nínú kòtò. Màmá mi ní kí n lọ bá àwọn tó ń to egungun.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ká kọ́kọ́ wo nǹkan méjì. Àwọn dókítà ní Ottawa, ní Kánádà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1992, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé. Àkọ́kọ́: ṣé ẹ lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń tiro? Èkejì: bí ẹ bá tẹ kókósẹ̀, tinú àti tòde, ní etí rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ṣé egungun ibẹ̀ ń dùn? Bí ẹ kò bá lè rìn ín, tàbí tí egungun ibẹ̀ ń dùn, X-ray ló kàn. Bí egungun àárín ẹsẹ̀ bá ń dùn, X-ray náà ni. Ẹ lọ sí General Hospital Ìkòròdú. Bí wọ́n bá rí i pé ó ju agbára wọn lọ, wọ́n lè dárí yín sí Igbóbì, ilé ìwòsàn egungun tó ti wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú láti 1945.

Bí ẹ bá lè rìn ín tí egungun ò sì dùn, iṣan ló nà jù. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má fún jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ka orí ìrọ̀rí, lẹ́yìn ọjọ́ méjì-mẹ́ta ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ló wà lẹ́yìn ìyẹn: kí ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹsẹ̀ tó rọ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń gbàgbé ibi tí ilẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi tún máa ń rọ́.

N kò bú àwọn tó ń to egungun. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣe é, àwọn èèyàn sì ń wá láti Ìmọ̀tà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni igi tí àwọn kan máa ń dì pinpin mọ́ ẹsẹ̀ tó ṣì ń wú. Ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á sì kú. Àwọn dókítà wa ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó wà lára ohun tó ń fà á tí wọ́n fi ń gé ẹsẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá dì í fún yín, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ìrora ń le sí i, ẹ tú u lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ á mọ́.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá gbé láàárọ̀ ni gìgísẹ̀ fi ń dùn mí jù.

Ṣé abẹ́ gìgísẹ̀ ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Bó bá jẹ́ abẹ́ ni, iṣan fífẹ̀ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bínú. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ọwọ́ fa ìka ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ má rìn láìwọ bàtà lórí táìsì, ẹ sì máa yí ìgò omi tó ti dì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ẹ má bá a jà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, níbi okùn líle tó gòkè lọ bá ẹran ẹsẹ̀, èmi pẹ̀lú yín la jọ ní in. Ìtàn kan wà níbẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Sweden, Håkan Alfredson, ní ìrora yìí. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun, ọ̀gá kọ̀ ọ́ pé iṣan náà kò tíì bàjẹ́ tó. Inú bí i, ó ní òun á bà á jẹ́ tó. Ó ń lo iṣan náà lójoojúmọ́ nínú ìrora kó lè já. Dípò kó já, ó san. Ní 1998 ó tẹ èsì rẹ̀ jáde: ẹ dúró sí etí àtẹ̀gùn, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbéra sókè lórí ìka, ẹ wá fi èyí tó ń dùn nìkan sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ títí gìgísẹ̀ á fi lọ sílẹ̀ ju etí àtẹ̀gùn náà lọ. Ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún tó nà, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 12. Ó máa ń dùn díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ìyẹn kò burú.

Etí pèpéle ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ṣe tèmi. Àwọn kan rò pé mo ń gba ààwẹ̀ ni. Fún oṣù méjì, ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń tẹ máṣíìnì mi, ìrán mi sì wọ́ díẹ̀ nígbà náà, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí mo rán aṣọ ẹbí yẹn fún.

Wọ́n ní eré á jẹ orúnkún mi tán kí n tó darúgbó.

Àkójọ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn ara wọn, bí ìdá 3.5 nínú 100 ló ní orúnkún tàbí ìbàdí tó ti jẹ. Nínú àwọn tó kàn ń jókòó, ó tó 10.2. Àwọn tó ń sáré bí iṣẹ́ ló ga jù, 13.3. Àwa kì í ṣe ara wọn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó rí físíò kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìrora iwájú orúnkún tó ń yọ wá nígbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, tàbí tí ẹ pẹ́ jókòó nínú dánfó tí orúnkún ká mọ́ àga iwájú, wọ́pọ̀ gan-an. Itan àti ìdí tí kò lágbára ló máa ń fà á, pẹ̀lú eré tí ẹ fi kún láìrò. Ẹ máa dìde lórí àpótí kí ẹ tún jókòó láìfọwọ́ ti nǹkan, ìgbà 10 lọ́nà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ sì gé ìṣísẹ̀ yín kúrú. Ẹsẹ̀ tó bá ń nà jìnnà síwájú ara ló ń gbá orúnkún.

Ṣé òkírìkà á ṣe é? Àbí kí n kúkú sáré láìwọ bàtà bíi ti Bikila?

Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia, sáré máratọ́ọ̀nù láìwọ bàtà ní Róòmù ní 1960, ó sì gba wúrà. Ọ̀nà Róòmù kò ní ìṣó pákó àti ìgò tó fọ́ bíi ti wa. Ẹni tí ìṣó bá gún, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọ́, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Òkírìkà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun ni mo ṣì ń rà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí kò bá wọnú rárá, tàbí tó wọnú tí kò padà, ó ti kú. Ẹ gbé e ka orí tábìlì pẹrẹsẹ, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bó bá dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ti ya án. Ẹ gbìyànjú láti tú ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní igun, torí gúlúù tó ti gbẹ máa ń ṣí ní òjò àkọ́kọ́. Kó fi fífẹ̀ àtàǹpàkò kan sílẹ̀ níwájú ìka tó gùn jù. Nǹkan bí kìlómítà 500 sí 800 ni bàtà tuntun máa ń lò, ẹ kò sì mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ ti jẹ níbẹ̀. Ti orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, kó ṣáà tu yín lára láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ibo àti ìgbà wo ló dáa láti sáré ní Ìkòròdú?

Aago márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà àbọ̀ láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì mú, tí mọ́tò ò sì tíì pọ̀. Pápá iléèwé dáa jù fún ẹsẹ̀, bí olùṣọ́ bá gbà. Àwọn àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọ̀nà Ìgbógbó àti ọ̀nà Ìjẹdẹ ní ilẹ̀ pupa tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn ju ọ̀dà lọ, àmọ́ lẹ́yìn òjò, yíyọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ sá fún ọ̀nà Ṣàgámù pátápátá, tírélà kì í wo ẹ̀gbẹ́.

Apá òsì ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ lè kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kadà tó ń gba wọ́n-wéè ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí náà n kì í fi nǹkan dí etí méjèèjì. Aṣọ funfun, kì í ṣe dúdú. Ẹ̀bá títì dagun sí gọ́tà. Ẹ yí apá padà níbi tó bá tẹ́jú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Àwa obìnrin, ẹ jẹ́ ká jáde ní méjì-méjì. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde Orò, àtẹ̀gùn inú ilé ni mo máa ń gùn.

Ajá bá ń bọ̀, ẹ má sá. Ẹ dúró, ẹ rọra rìn kọjá. Bó bá bu yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà, kódà kí olówó ajá máa búra.

Ta ni kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láìrí dókítà?

Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ tó 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí ikọ́ ife, aboyún, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Eré lè ran ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́, ó ran èmi lọ́wọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò ná. Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ bá jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dá a ṣe. Àwa AS, tó tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lórílẹ̀-èdè yìí, lè sáré, àmọ́ ká máa mu omi, ká má fi ipá sáré nínú ooru, kí iṣan tó bá ṣàdédé di aláìlágbára láìfún pọ̀ dá wa dúró lójú ẹsẹ̀.

Àyà dídùn, òòyì, dídákú, ọkàn tó ń lù ségesège: ẹ dúró, kí ẹ lọ sílé ìwòsàn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tó ń dùn láìjẹ́ pé ẹ ṣubú, náà kì í ṣe ti Robb. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Kí ni mo máa jẹ, kí ni mo máa mu?

Fún ìṣẹ́jú 30, omi tó wà ní ilé ti tó, ẹ mu ún kí ẹ tó jáde, ẹ mu ún nígbà tí ẹ bá dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kó tó di aago mẹ́fà kò ní dí yín lọ́wọ́. Ẹ̀bà àná á dí yín. Bí òógùn bá pọ̀ gan-an, ẹ da píọ́ wọ́tà méjì tó jẹ́ 50cl pọ̀, ó di lítà kan, ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà tí kò ga àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà sí i. Ó sàn ju ohun mímu aláràbarà lọ, kò sì gbówó lórí. Lásìkò Ramadan, nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó ṣínu ni kí ẹ sáré, kó sì jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Itan mi ń bó, ọmú mi ń dùn.

Òrí lẹ máa fi pa itan kí ẹ tó jáde, ó dáa ju fasilín lọ. Fún ọmú, kọ́sẹ́ẹ̀tì eléré tó fún dáadáa, tàbí kí ẹ wọ méjì léra. Hìjáábù olówùú fẹ́ẹ́rẹ́ dáa ju onínáílọ́ọ̀nù lọ.

Nígbà wo ni mo lè wọ máratọ́ọ̀nù Èkó?

Kì í ṣe lọ́dún yìí. Kìlómítà 42.195 ni, láti Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè dé Eko Atlantic, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń sá a. Wọ́n máa ń ní ti kìlómítà 10 pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ sáré ọdún kan láìfara pa.

Mo ti sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé mo lè padà síbi tí mo dé?

Ẹ rìn ìṣẹ́jú 30 kánmọ́kánmọ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó dùn nìkan gbéra lórí ìka ní ìgbà 20. Ẹ fi òun nìkan fò ní ìgbà 10. Bí kò bá dùn nínú ọ̀kankan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn, bí ẹni pé ẹ ò sáré rí. Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Èémí yín á ṣì wà níbẹ̀, á sì máa kígbe pé ìyà wo lẹ fi ń jẹ òun. Ẹ má dá a lóhùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Òjò pa bàtà mi. Ṣé mo lè sá a sórí páànù?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, gúlúù rẹ̀ á ṣí, fóòmù á sì gan. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ jáde, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ìbòòji, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lálẹ́. Á ti gbẹ ní ọjọ́ kejì, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi yín náà nìyẹn.